Nígbà Tí Àwòrán Ń Tẹrí Ba fún Ìyá Abẹ́rẹ́

Ẹ bá mi yí ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn wálẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má pa á. Bí ẹ bá pa á, ará ilé kejì á rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni mò ń sọ. Ẹ jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀, kí èmi náà máa sọ tèmi. Mi ò tíì di arúgbó, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni í sá.

Bí mo bá ń wo bí ẹ ṣe gbé e kọ́ ara ògiri bí àtẹ, tó fẹ́lẹ́, tí kò ní ẹ̀yìn rárá, ọ̀rọ̀ náà máa ń yà mí lẹ́nu. Tẹlifíṣọ̀n ayé tiwa ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ojú rẹ̀ lọ, bí obìnrin tó pọn ìbejì. Ọkùnrin tó bá dá a gbé, ìdí á máa dùn ún di ọ̀sẹ̀ kejì. Ojú rẹ̀ jẹ́ dígí tó yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, tí ẹ bá gbé apá súnmọ́ dígí náà, gbogbo irun apá yín á dìde, á máa ta ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí ìgbà tí iná mú ewé gbígbẹ. A máa ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá pa á kí a lè lọ jẹ ìgbádùn yẹn. Ẹ̀yin kò ní ohun tí ẹ ń dúró dè lára tiyín.

Kétu ìgbà náà kò ní iná mànàmáná. Òmìnira kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa. Orílẹ̀-èdè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pa orúkọ Dahomey tì, ó di Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbà sì ń ṣi orúkọ náà pè. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba tiwa kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Ìbàdàn, ní Nàìjíríà, ni a ń gbà. Orí òkè pẹrẹsẹ ni a wà, kò sí ohun tó dí wa lójú. Bí ẹ bá ri ọparun gíga mọ́lẹ̀, tí ẹ so àǹtẹ́nì mọ́ orí rẹ̀, tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ìlà oòrùn, Ìbàdàn á wọlé. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ó máa ń mọ́ kedere. Bí òjò bá ṣú, iyanrìn nìkan ni ẹ ó máa wò, ohùn rẹ̀ á sì máa ṣe ṣáá bí ẹni ń da ìrẹsì sínú agbada.

Àlájì nìkan ló ní in ní àdúgbò wa. Oníṣòwò aṣọ ni Àlájì, àwọn baba rẹ̀ ti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, wá, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, èyí tí a ń pè ní gúrúpù, wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ bá ti gbọ́ gbú-gbú-gbú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó ń gún èlùbọ́ á sọ ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó wá ná ọjà láti Kpankou tàbí Adakplamè kò ní bá ọkọ̀ padà mọ́, á wá ẹbí kan tí yóò sùn sí, nítorí kó lè rí eléré tó ń fi ata sínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú Ìbàdàn. Àlájì kì í lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí a bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni.

Àwòrán náà jẹ́ alákọrí. Àlájì ní rédíò ńlá kan tó ní gbohùngbohùn méjì bí ìkòkò omi. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rédíò náà, kí ọlá lè wà lójú kan. Láti ọjọ́ yẹn ni apá òsì àwòrán ti ń fà gùn. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bí ẹni tí eyín ń dùn. Ilé tó dúró ṣánṣán ní Ìbàdàn á tẹ̀ bí ọ̀mùtí ní ọ̀dọ̀ wa. Àlájì ní tábìlì ni kò dúró dáadáa. Ó fi pákó tì í lẹ́sẹ̀. Ó pe bíríkìlà, ìyẹn gbé ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ògiri bá tọ́, ó ní tábìlì tọ́, ògiri tọ́, Ìbàdàn ni kò tọ́. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó kékeré Àlájì gbé rédíò náà sí yàrá kejì nítorí kó lè gbá ilẹ̀. Àwòrán tọ́. Wọ́n gbé e padà, ó wọ́. Àlájì jókòó, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Mo ti mọ̀. Tẹlifíṣọ̀n yìí ní èèwọ̀. Rédíò ni èèwọ̀ rẹ̀." Ó ní kí rédíò máa gbé yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ni a tún rí i pé bí wọ́n bá kọ ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, àwòrán á yí díẹ̀ sí ọ̀tún, bí wọ́n bá sì kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà yàrá, á yí padà sí òsì. Àlájì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì gbọ́dọ̀ wà, ó ní ẹni tó bá sún un á rí ìjà òun. A kò béèrè ìdí. Ta ní í béèrè ìdí èèwọ̀? Bí wọ́n bá ní ìdílé kan kì í jẹ òkété, òkété kì í wọ ilé wọn nìyẹn.

Èmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ti dàgbà. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọwọ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, èmi ń pè é ní Ìyá. Kò bímọ. Abẹ́rẹ́ ló ń fi jẹun. Àwọn aṣọ aláràbarà tí wọ́n ń rán pọ̀ fún eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí aṣọ pupa ń lé aṣọ àwọ̀ aró, tí funfun ń yọ láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà fún ní Kétu. Àwọn ìyá wa ni a fi ń tù nínú. Ọkùnrin á di obìnrin, á di ìdí ràbàtà, á wọ irin tó ń dún wọnwọn sẹ́sẹ̀, á jó kí inú àwọn ìyá lè dùn, kí òjò lè rọ̀, kí ọmọ lè yè. A kì í pe àwọn ìyá ní orúkọ mìíràn. Ìyá wa ni wọ́n, ó tán.

Nígbà tó yá, ojú Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Abẹ́rẹ́ á bọ́, kò ní rí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà ló ti rí irin dúdú kan tó rí róbótó bí ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé, tí wọ́n yọ lẹ́yìn gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́. Ó so òwú mọ́ ọn. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, á rọra sọ irin náà kalẹ̀ bí ẹni ń fa omi, á fi wá ilẹ̀ yíká ẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀ lé e gòkè. "Irin mi dà?" ni ó máa ń wí. Kò fún un ní orúkọ kankan. Inú agolo wàrà kan ni òun àti àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbé.

Nítorí ojú rẹ̀ tó ṣú, iwájú gan-an ni wọ́n máa ń fi ìjókòó rẹ̀ sí ní ilé Àlájì. Nítorí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé, kì í gbé agolo sílẹ̀. Orí tábìlì ló ń gbé e sí, ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá ti jókòó báyìí, ẹni tó wà nínú àwòrán á tẹ orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dìde, tó gbé agolo rẹ̀, tó ń lọ, ẹni náà á gbé orí sókè.

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi ṣe. Ìyàwó kékeré Àlájì, ẹlẹ́nu dídùn ni, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ dákun ẹ sún sẹ́yìn, àwòrán ti tẹrí ba fún yín tán, kò lè ríran mọ́."

Ìyá dá a lóhùn pé, "Ó mọ àgbà ni. Ìwọ tí o ń gbé nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, kí ló dé tí o kò kọ́ ìkíni lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ilé ya ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá ti ń bọ̀, àwọn ọmọ á ní, "Ẹ jẹ́ kí a wo bóyá yóò kí i." Yóò kí i lóòótọ́. Ọkùnrin kan láti ilé kejì ló wá fi òwe sí i. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní, "Àgbà wà níbí o, orí sì ń wọ́." A rẹ́rìn-ín. Ẹyin ni ohùn, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó ti bọ́.

Ìgbà yẹn ni ayé yí. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àjẹ́ wà lára ohun tó ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn, kí ará ìlú fi wọ́n hàn. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fi ijó àti orin tù láti ìgbà àwọn baba wa di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ti darúgbó, tí kò bímọ, bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ẹ ó kí i ní kúkúrú. Dẹlẹgé, tàbí Kámárádì Dẹlẹgé bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, ni à ń pe olórí àdúgbò tí ìjọba fi jẹ. Ọmọ Kétu ni Dẹlẹgé tiwa, kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti bi í pé ṣé àdúgbò tirẹ̀ nìkan ni kò ní àjẹ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bà wá.

Nígbà náà ni ibà mú àbíkẹ́yìn ọmọ Àlájì, ó sì kú. Ọmọ ìyàwó kékeré ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Obìnrin yẹn kò fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹni tí àwòrán tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára ń tẹrí ba fún, kí ni ọmọ tèmi ì bá ṣe?" Ìyá lọ kí wọn. Wọn kò gbé ìjókòó fún un.

Mo ní kí Ìyá má lọ sí ilé yẹn mọ́. Ó ní, "Bí mo bá dúró sílé, wọn á ní ara ló fu mí."

Àlájì kò fẹ́ dájọ́ ènìyàn lásán. Ó ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́, ó ní kí Gàníù wá. Gàníù ni ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Ilé Àlájì kún. Dẹlẹgé jókòó lórí àga, Àlájì lórí ẹní, ìyàwó kékeré dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Gàníù tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó fẹ́ eruku jáde, ó ní, "Àlájì, kò sí ohun tó ṣe é." Wọ́n tàn án. Àwòrán tọ́ bí ọfà.

Dẹlẹgé ní, "Ẹ pe ìyá wá."

Èmi ni mo di Ìyá lọ́wọ́ mú wọlé. Ó kí wọn, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó, ó gbé agolo rẹ̀ sí orí tábìlì bó ṣe ń ṣe. Orí ẹni tó ń ka ìròyìn tẹ̀.

Gàníù nìkan ló rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin ọmọ, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ẹran rẹ̀ tó sọnù. Ó ṣí agolo, ó fa irin náà jáde pẹ̀lú òwú rẹ̀, abẹ́rẹ́ so mọ́ ọn bí ẹ̀gún. Ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó ní, "Òòfà ni! Àlájì, òòfà ni màmá ń gbé kiri."

Bó ṣe ń jẹ́ ní Yorùbá nìyẹn. Kò parọ́. Irin tó bá ń fa irin, òòfà ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pe irin ní òòfà nínú ilé yẹn? Òòfà tí àwa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń sín, tí ọkùnrin fi ń fa aya ọlọ́jà, tí ọlọ́jà fi ń fa oníbàárà, tí ọ̀tá fi ń fa ẹ̀mí ọmọ kúrò lára. Ìyàwó kékeré jókòó sílẹ̀ lójijì. Àlájì bo ojú rẹ̀. Dẹlẹgé ní, "Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ o. Àlejò ni ọ́, o kò mọ ìyá yìí rí."

Gàníù rí ojú àwọn ènìyàn, ó sì mọ̀ pé ohun kan ti bàjẹ́. Ó sá lọ sínú Faransé. "Rárá, Kámárádì Dẹlẹgé, ẹmáàn ni mo ń wí. Ẹmáàn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní ilé ìwé."

"Amáàn?" ni Dẹlẹgé wí. Faransé rẹ̀ kò tó ti Gàníù. Ẹmáàn ni Faransé ń pe irin tó ń fa irin, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ amáàn tí ó gbọ́ ni àlè. "Ìyá yìí ní àlè?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó bá wà, ẹ bá mi pè é, igi ìdáná mi ti tán." Fún ìṣẹ́jú yẹn, mo rò pé ó ti parí. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde nígbà náà tó ní kí a máa lọ sílé, à bá lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò dìde.

Mo ti gba sẹ̀tífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Olùkọ́ wa ti da eruku irin sórí ìwé rí, ó fi irú irin yẹn sábẹ́ rẹ̀, eruku náà tò bí èèrà. Mo sọ èyí fún wọn. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Faransé. Mo ní inú rédíò Àlájì náà ni irú irin yìí wà, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń wọ́ nígbà yẹn. Àlájì gbójú sókè sí mi díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọmọ rẹ̀ ni, kí ni ẹ rò pé yóò sọ?"

Gàníù ní, "Ó dára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ẹlòmíràn mú un, kí ẹ wò ó bóyá kò ní ṣe bákan náà." Ó na irin náà sí àwọn ènìyàn. Wọ́n sún sẹ́yìn. Ó na án sí Dẹlẹgé. Dẹlẹgé ká ọwọ́ sínú agbádá.

Mo gbà á.

Mo gbé e sí ọ̀tún, àwòrán tẹ̀ sí ọ̀tún. Mo gbé e sí òsì, ó tẹ̀ sí òsì. Mo gbé e sókè, iwájú orí oníròyìn náà gùn bí ti eégún. Mo gbé e jìnnà, ó tọ́. Kò sí ohun tó hàn kedere tó ìyẹn ní gbogbo ayé mi. Mo yíjú padà sí wọn, ẹ̀rín wà lẹ́nu mi.

Ààyè ti ṣí sílẹ̀ yí mi ká. Àwọn tó wà nítòsí mi ti fà sẹ́yìn dé ògiri, ìyá kan sì ti fi ìborùn bo orí ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kékeré sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, kò pariwo rárá. Ó ní, "Ó ti gbé e lé ọmọ lọ́wọ́."

Dẹlẹgé dìde. "Ìwọ. Ta ni ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn ọ́?"

Irin wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ bóyá kí n sọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí n dì í mú, nítorí èyíkéyìí tí mo bá ṣe, ó ní ìtumọ̀ lójú wọn.

Ìyá ló dìde. Ó nawọ́ wá afẹ́fẹ́ kiri títí ó fi kan ọwọ́ mi, ó gba irin náà. Ó ní, "Tèmi ni. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan."

"Ìyá, ṣé ẹ gbà pé òòfà ni?"

"Ẹ ti pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fà." Wọ́n ṣì ń wò mí. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ní mo fi ṣe ni mo fi ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ sílé."

Wọ́n mú un lọ. Wọ́n fi òun àti àwọn arúgbó mìíràn hàn ní gbangba, ó sì sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kí ènìyàn láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó má gbé Kétu mọ́. Mo mú un kọjá ààlà lọ sí Ìmẹ̀kọ, sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀, èmi náà sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pe àwọn nǹkan kan bí ará Nàìjíríà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ó gbìyànjú láti máa rán aṣọ. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ wá a nílẹ̀, ìka rẹ̀ á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Mo rí irú irin yẹn ní ọjà, mo rà á fún un. Ó fọwọ́ bà á, ó mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Gbé e padà, kó má baà fà ọ́." Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ la sin ín sí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ, àwòrán ilé Àlájì kò wọ́ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń tọ́ bí ọfà. Ẹ̀rí wo ni Kétu tún ń wá? Nígbà tí ayé tún yí padà, tí mo padà wálé, ìtàn òòfà Ìyá Abẹ́rẹ́ ti dàgbà jù mí lọ. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà ń sọ ọ́ fún mi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí gan-an, ọmọkùnrin kan dúró nígbà tí àwọn yòókù lọ. Ọmọ gidi ni, ó ń ta fóònù lẹ́bàá ọjà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọjà mi kò yá. Òòfà yẹn, níbo ni Ìyá fi sí?" Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé irin lásán ni, pé ó wà lẹ́yìn gbogbo ohun tó bá ń sọ̀rọ̀, pé inú fóònù tó ń tà gan-an, ó wà níbẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe máa ń mi orí fún àgbà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yé mi. Ẹ kò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Màá padà wá."